Kì í ṣe ogbó, eyín ló ń dun ológbò yín

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Oníṣègùn ẹranko ni wá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa wá àyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín kí a lè bá àwọn tó ń sin ológbò sọ̀rọ̀, yálà èyí tó ń bá ọmọ ṣeré nínú pálọ̀ ni o, tàbí èyí tó ń ṣọ́ àpò ìrẹsì àti ẹ̀wà ní ilé ìkẹ́rùsí. Bí ológbò tó ti lé ní ọdún 10 bá ń rù, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tí ẹnu náà sì ń rùn, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń sọ ni pé ó ti darúgbó, wọn á sì fi í sílẹ̀ sí igun ilé. A kò gbà pé ogbó ni. Ogbó kì í gba oúnjẹ lẹ́nu ológbò. Ìrora ló ń gbà á, èyí tó pọ̀ jù nínú ìrora ẹnu náà ló sì ní ìtọ́jú.

Ológbò mọ bí a ti ń fi ìrora pamọ́. Kì í ké, kì í sì í kọ oúnjẹ sílẹ̀ pátápátá títí ọ̀rọ̀ yóò fi bàjẹ́ gan-an. Nítorí náà, bó ṣe ń jẹun ni kí ẹ máa wò, ẹ má kàn wo bóyá àwo ṣófo. Èyí tí eyín ń dùn á sáré wá sídìí àwo, torí ebi ń pa á. Á gbóòórùn ẹja náà, á bù ú jẹ lẹ́ẹ̀kan, lójijì á gbé orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rẹ̀ á máa gbọ̀n, oúnjẹ á já bọ́, òun náà á sì fà sẹ́yìn. Òmíràn á máa fi ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo jẹun, tàbí kó máa fi ẹsẹ̀ iwájú nu ẹnu ṣáá. Òmíràn á máa kùn mọ́ oúnjẹ bí ẹni pé ẹlòmíràn fẹ́ gbà á. Ẹ tún wo irun ẹ̀yìn rẹ̀. Ahọ́n ni ológbò fi ń ya irun, bí ẹnu bá sì ń dùn ún, kò ní lá ara rẹ̀ mọ́, irun náà á di kókó, á sì máa rí jákujàku. Àmì yìí ni àwọn onílé kì í kà sí rárá, bẹ́ẹ̀ ó máa ń ṣáájú rírù.

Eyín 30 ni ológbò tó ti dàgbà ní, 16 lókè, 14 nísàlẹ̀. Wẹ́wẹ́ ni 12 tó wà níwájú, 4 ni àwọn ṣóńṣó gígùn tó fi ń pa eku, 14 tó kù sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Àwọn ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ yìí kì í lọ oúnjẹ bíi tiwa. Ṣe ni wọ́n ń gé e kéékèèké tí ológbò fi ń gbé e mì. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ìbéèrè tí gbogbo èèyàn máa ń bi wá lórí yíyọ eyín, ibẹ̀ ni ìdáhùn rẹ̀ wà.

Àrùn èrìgì ló wọ́pọ̀ jù. Ìdọ̀tí tó ń yọ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ eyín lójoojúmọ́. Bí kò bá sí ohun tó nù ún kúrò, láàárín ọjọ́ 2 sí 3, èròjà inú itọ́ á sọ ọ́ di líle gbagidi, bíi sìmẹ́ńtì tó ti gbẹ. Ní ìta eyín ẹ̀rẹ̀kẹ́ òkè ni ẹ ó ti kọ́kọ́ rí i, torí ibẹ̀ ni itọ́ ti ń jáde sí ẹnu. Ṣùgbọ́n èyí tí ẹ rí kọ́ ló ń ṣiṣẹ́ ibi. Èyí tó wọlé sábẹ́ èrìgì ni. Èrìgì á wú, á pọ́n, á máa ṣẹ̀jẹ̀, lẹ́yìn náà egungun tó di eyín mú á máa jẹ lọ díẹ̀díẹ̀. Nínú ẹnu tí ara rẹ̀ dá, àlàfo tó wà láàárín èrìgì àti eyín ológbò kì í ju mìlímítà 1 lọ. Bí irin tín-ín-rín tí dókítà fi ń wọn ún bá wọlé ju bẹ́ẹ̀ lọ, egungun ti ń lọ nìyẹn.

Èkejì ni èyí tó máa ń ya àwọn onílé lẹ́nu. Wọ́n á rí ihò pupa lára eyín, wọ́n á ní kòkòrò ló jẹ ẹ́. Kì í ṣe kòkòrò, kì í sì í ṣe ohun dídùn ló fà á. Ara ológbò fúnra rẹ̀ ló ń jẹ eyín náà. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà lára tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti tú gbòǹgbò eyín ọmọdé ká kí ó lè já bọ́. Nínú ológbò púpọ̀ tó ti dàgbà, àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí á tún jí dìde, wọ́n á kọjú sí eyín àgbà. Eyín ẹ̀rẹ̀kẹ́ àkọ́kọ́ nísàlẹ̀, èyí tó tẹ̀ lé ṣóńṣó gígùn, ni wọ́n sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí jẹ. Èrìgì á wá gun orí ihò náà bí ẹran kékeré pupa. Bí a bá fi irin kàn án, àgbọ̀n ológbò á gbọ̀n, àní bó tilẹ̀ ń sùn lábẹ́ oògùn akunilóorun. Dídí irú ihò bẹ́ẹ̀ kò ṣiṣẹ́, nítorí jíjẹ náà ń lọ lábẹ́. Yíyọ nìkan ni ìtọ́jú rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni kí gbogbo ẹnu pọ́n dé ẹ̀yìn, níbi tí àgbọ̀n òkè àti ti ìsàlẹ̀ ti pàdé. Fáírọ́ọ̀sì calicivirus, tó tún ń fa ọ̀fìnkìn ológbò, máa ń bá a rìn. Ara náà á máa bá ìdọ̀tí eyín jà ju bó ṣe yẹ lọ, bó ti wù kó kéré tó. Èyí máa ń mú ológbò kékeré náà, kì í ṣe àgbà nìkan.

Kì í ṣe gbogbo ẹnu rírùn náà ni eyín o. Bí kíndìnrín bá ń daṣẹ́ sílẹ̀, ẹnu á máa rùn bí ìtọ̀, egbò á sì yọ sí ẹ̀gbẹ́ ahọ́n. Jẹjẹrẹ sì máa ń yọ sábẹ́ ahọ́n tàbí sínú egungun àgbọ̀n ológbò àgbà. Bí ẹ bá rí wíwú ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, tí eyín ibẹ̀ ń mì, tí itọ́ ní ẹ̀jẹ̀ nínú, ẹ má dúró de ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ẹnu ológbò, ó ní ohun kan tó gbọ́dọ̀ rò. Àrùn dìgbòlugi wà nílẹ̀ wa. Bí ológbò tí kò gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ bá ń da itọ́, tí àgbọ̀n rẹ̀ rọ̀ sílẹ̀, tí kò lè gbé nǹkan mì, tí ìwà rẹ̀ yí padà lójijì, tàbí tí ajá tí ẹ kò mọ̀ bù ú jẹ láìpẹ́ yìí, ẹ má fi ìka sí ẹnu rẹ̀ pé ẹ ń wá eegun ẹja. Ẹ tì í mọ́ ibi kan, ẹ pe oníṣègùn ẹranko. Ẹni tí ológbò náà bá sì ti bù jẹ gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kó sì lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Bí kò bá sí èyíkéyìí nínú ìyẹn, yíyẹ ẹnu wò nílé kò le. Ẹ jókòó síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí ológbò jókòó lórí itan yín, kó kẹ́yìn sí yín. Ẹ fi ọwọ́ kan gbá orí rẹ̀ mú jẹ́jẹ́ láti òkè, kí ẹ fi àtàǹpàkò ọwọ́ kejì gbé ètè òkè sókè níbi ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ má ya ẹnu rẹ̀, kò sídìí fún un. Ẹ wo àwọ̀ èrìgì àti ohun tó lẹ̀ mọ́ eyín, ẹ wo bóyá eyín kan ti sọnù, kí ẹ sì fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún wé òsì. Ẹ máa wọn ọ́n lẹ́ẹ̀kan lóṣù pẹ̀lú. Ẹ gbé e dání gun òṣùwọ̀n, ẹ tún gun ún láìgbé e, ẹ yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì. Ológbò oníkílò 4 tó bá fi gírámù 400 rù ti pàdánù ìdá kan nínú mẹ́wàá ara rẹ̀, ojú lásán kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ rí i nítorí irun.

Ohun tó ń dùn wá jù ni oògùn tí wọ́n ń fún ológbò nílé. Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni paracetamol. Ẹ̀dọ̀ ológbò kò ní èròjà tó tó láti sọ oògùn yìí di ohun tí ìtọ̀ lè gbé jáde. Á wá di májèlé nínú ara rẹ̀, á kọlu ẹ̀jẹ̀ pupa, ẹ̀jẹ̀ náà kò sì ní lè gbé ọ́síjìn kiri mọ́. Èrìgì á di àwọ̀ búráùn, ojú àti àtẹ́lẹsẹ̀ á wú, ológbò á máa mí gúlegúle. Mílígírámù 10 fún kílò kan ti tó láti ṣe ológbò mìíràn ní jàǹbá. Ìdajì hóró mílígírámù 500 nínú ológbò oníkílò 4 lé ní mílígírámù 60 fún kílò kan. Nítorí náà kò sí ohun tó ń jẹ́ "díẹ̀ náà ni mo fún un." Bó bá ti gbé e mì, ẹ gbé e lọ bá dókítà lójú ẹsẹ̀. Oògùn apa-májèlé tó ń jẹ́ acetylcysteine ni a fi ń gbà á là, wákàtí tí ẹ bá fi ṣòfò ló sì ń pinnu bóyá yóò yè. Ibuprofen àti diclofenac náà ń ba kíndìnrín àti ikùn rẹ̀ jẹ́.

Kànáfùrù tí a ń fi sí eyín tiwa kò bá ológbò lára mu, pàápàá òróró rẹ̀, nítorí ẹ̀dọ̀ kan náà yẹn kò lè bá a ṣe. Egbòogi inú ògógóró náà kò yẹ kó kan án lẹ́nu. Ọṣẹ ìfọyín èèyàn kò dára, torí ológbò kò lè tutọ́ dànù, gbígbé ló máa gbé e mì. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi ọ̀bẹ tàbí èékánná ha ohun líle ara eyín kúrò. Eyín lè dán lójú, ṣùgbọ́n èyí tó wà lábẹ́ èrìgì ṣì wà níbẹ̀, ìrora náà ṣì wà níbẹ̀, ojú eyín á sì ti bó.

Abẹ́rẹ́ agbógunti kòkòrò náà ńkọ́, tí wọ́n ń gún ún lóṣooṣù? Òórùn á rọlẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, inú onílé á dùn, lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ á padà. Kò lè ṣe kó má padà, nítorí gbòǹgbò tó ti jẹrà ṣì wà lẹ́nu. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa tí ẹ ń gún abẹ́rẹ́ yìí láìwo ẹnu, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jáwọ́ ńbẹ̀.

Ìtọ́jú gidi gba pé kí ológbò sùn. Ẹ̀rù oògùn akunilóorun ló ń mú kí àwọn onílé sọ pé ó ti dàgbà jù. Ọjọ́ orí kì í ṣe àìsàn. Ohun tó yẹ ká bẹ̀rù ni àìsàn tí a kò mọ̀ pé ó wà nínú ara rẹ̀, ìdí nìyẹn tí a fi ń kọ́kọ́ ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ láti mọ bí kíndìnrín, ẹ̀dọ̀ àti ṣúgà ṣe rí, tí a sì ń fọwọ́ wá ọ̀fun bóyá thyroid, ìyẹn ẹṣẹ́ kékeré tó wà lọ́rùn, ti wú. Bí kíndìnrín bá ti rẹ̀ díẹ̀, a máa ń fi omi dírípù sí i lára ṣáájú, a ó sì yan oògùn tí kò ní dà á láàmú. Ẹ má fi ebi pa á mọ́jú. Wákàtí 4 sí 6 láìjẹun ti tó fún ọ̀pọ̀ wọn, kí omi sì wà níwájú rẹ̀ títí ẹ ó fi kúrò nílé. Bó bá ní àìsàn ìtọ̀ ṣúgà, dókítà yín ni yóò sọ wákàtí tirẹ̀.

Ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ohun tí wọ́n máa ṣe. Ẹ béèrè bóyá wọ́n máa fi rọ́bà sí ọ̀nà èémí rẹ̀, nítorí omi àti ẹ̀jẹ̀ máa ń ṣàn lẹ́nu lásìkò iṣẹ́, kò sì gbọ́dọ̀ wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n fi máa mú ara rẹ̀ móoru, torí ara kékeré tí ẹnu rẹ̀ tutù fún wákàtí kan máa ń di yìnyín kíákíá. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ní ẹ̀rọ X-ray eyín. Apá tó pọ̀ lára eyín ló wà nínú egungun tí ojú kò lè rí. X-ray náà ló ń sọ bóyá gbòǹgbò ṣì dá dúró tàbí ó ti di ara egungun. Èyí tó bá ṣì dá dúró gbọ́dọ̀ jáde tán. Èyí tó ti di egungun, a lè gé orí rẹ̀ kúrò ká sì fi èrìgì bò ó. Ẹni tí kò bá rí àwòrán, òkùnkùn ló ń gbẹ́ sí.

Yíyọ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ agbára. Gbòǹgbò 2 ni ọ̀pọ̀ eyín ẹ̀rẹ̀kẹ́ ní, èyí tó tóbi jù lókè ní 3, ṣe ni a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gé wọn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí a tó yọ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá fi ẹ̀mú fa gbogbo rẹ̀ pọ̀ á fi èérún gbòǹgbò sílẹ̀ sínú. Ṣóńṣó gígùn ìsàlẹ̀ tún léwu ju ìyókù lọ. Gbòǹgbò rẹ̀ gba apá tó pọ̀ nínú egungun àgbọ̀n níwájú, bí a bá sì kánjú, àgbọ̀n náà á dá. Ohun kan tún wà tí a fẹ́ kí gbogbo ẹlẹgbẹ́ wa gbọ́: ẹ má lo irin onísípíríìnì tó ń ya ẹnu gbàgà. Bí ẹnu ológbò bá là ju bó ṣe yẹ lọ, egungun àgbọ̀n á tẹ iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sójú àti ọpọlọ pa, ológbò sì ti fọ́jú nípa bẹ́ẹ̀ rí. Síríńjì tí a gé kúrú tàbí ọwọ́ olùrànlọ́wọ́ tó.

Ìbéèrè tí a sọ lẹ́ẹ̀kan wá dé: kí ni ológbò aláìléyín máa jẹ? Ó máa jẹun. Gígé ni eyín rẹ̀ ń gé oúnjẹ, bí oúnjẹ bá sì ti rọ̀ tàbí tó wà ní wẹ́wẹ́, ahọ́n á gbé e wọlé. Ó sàn kó má ní eyín rárá ju kó ní 10 tó ń dùn ún. Ẹ̀yin tó ń fi ológbò ṣọ́ ọjà, òótọ́ ni pé èyí tí ṣóńṣó gígùn rẹ̀ kò sí mọ́ kò ní pa eku bíi tàtijọ́. Èékánná ló kù fún un. Ẹ gbé ọ̀dọ́ kan tì í, kí ẹ jẹ́ kí àgbà náà sinmi.

Fún ọjọ́ 10 sí 14 lẹ́yìn iṣẹ́ náà, oúnjẹ rírọ̀ ni kó máa jẹ, èyí tó lọ́wọ́ọ́wọ́ díẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹrin lóòjọ́, níwọ̀nba. Ẹ lè bọ ẹja títùs tàbí ẹran adìyẹ láìsí iyọ̀, láìsí ata. Àlùbọ́sà àti aáyù kò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀ rárá, nítorí wọ́n ń ba ẹ̀jẹ̀ ológbò jẹ́, ìdí kan náà tí ọbẹ̀ wa kò fi yẹ ẹ́. Ẹ yọ gbogbo eegun, ẹ fọ́ ọ lúúlúú, ẹ fi omi tí ẹ fi bọ̀ ọ́ pò ó. Ẹja nìkan kò tó ológbò títí lọ o. Bó bá ń jẹ oúnjẹ ológbò oníhóró tẹ́lẹ̀, ẹ rẹ ife 1 nínú ife 1 omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú 15. Oògùn ìrora tí dókítà fún yín kì í ṣe ohun tí à ń fi pamọ́ pé ara rẹ̀ ti balẹ̀, ẹ lò ó tán. Meloxicam ti ológbò, ìwọ̀n kílò rẹ̀ ni a fi ń ká a, kì í sì í ṣe fún èyí tí kíndìnrín rẹ̀ kò dára, àfi bí dókítà bá mọ̀ sí i.

Bí ọjọ́ 2 bá kọjá tí kò jẹ nǹkan kan, ẹ gbé e padà, pàápàá èyí tó sanra. Ọ̀rá ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí ya lọ sínú ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ náà lè daṣẹ́ sílẹ̀, ìyẹn sì ń pa ológbò ju eyín lọ.

Eyín tó kù lẹ́nu rẹ̀ ni kí ẹ máa fọ̀, nígbà tí ojú ọgbẹ́ bá ti san tán. Kí ẹ má bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹnu ṣì ń dùn ún, torí kò ní gbàgbé. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ kàn fi ìka tí ẹ rì bọ omi ẹja kan ètè rẹ̀. Lọ́sẹ̀ kejì, ẹ we aṣọ rírọ̀ mọ́ ìka, ẹ fi pa ìta eyín ẹ̀rẹ̀kẹ́ òkè. Lẹ́yìn náà ni búrọ́ọ̀ṣì ọmọ ọwọ́ tó rọ̀ jù á dé, pẹ̀lú ọṣẹ ìfọyín ti ẹranko tàbí omi lásán. Ìta nìkan ti tó, ahọ́n rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nínú. Ìdajì ìṣẹ́jú fún ẹ̀gbẹ́ kan, lójoojúmọ́. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ kò wúlò, nítorí láàárín ọjọ́ 3 ìdọ̀tí náà á ti le.

A fẹ́ kí àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ wa gbọ́ èyí náà. Ẹ̀rọ X-ray eyín kéré, kò gba yàrá ńlá, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn ẹranko tó ní in kò tó nǹkan. Bí ìjọba bá ra ẹyọ kan fún ilé ìwòsàn ẹranko tirẹ̀ ní olú ìlú ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ tí à ń fi òye ṣe lónìí á di èyí tí à ń fojú rí. Títí dìgbà náà, ẹ lè lọ bá ilé ìwòsàn ẹranko tó wà lábẹ́ àwọn fásitì bíi ti Ìbàdàn, ti Ìlọrin àti FUNAAB ní Abẹ́òkúta, tàbí dókítà tó ní ìwé àṣẹ Veterinary Council of Nigeria, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ oníṣègùn ẹranko sílẹ̀. Agbọ̀n tó ní ìdérí ni kí ẹ gbé ológbò sí, kí ẹ mú káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ dání àti páálí gbogbo oògùn tó ti lò. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ fi fóònù ya fídíò rẹ̀ níbi tó ti ń jẹun, ìṣẹ́jú kan péré, nítorí kò sí ológbò tí yóò jẹun níwájú wa lórí tábìlì àyẹ̀wò.

Àwa ni tiyín,
Àwọn oníṣègùn ẹranko kan,
Ìbàdàn.